Èsì lórí «agégi-orí-tábìlì»: kí ni «gé» ń wá níbẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní kí á máa pe ayùn oníná ńlá, èyí tí abẹ rẹ̀ yọrí láàárín tábìlì irin, ní «agégi-orí-tábìlì». Wọ́n ní ogún ọdún ni àwọn fi kọ́ni ní gírámà, kí ẹnikẹ́ni má jiyàn. Mo tẹríba, ṣùgbọ́n n óò jiyàn. «Gé» yẹn ń dùn mí.

A ń gé igi ní ìbú ni, a ń là á ní òró. Lagilagi là ń pe ẹni tó ń la igi. Ta ló gbọ́ «gégigégi» rí? Nígbà tí àwọn àgbà ń fi ayùn gígùn ṣiṣẹ́ lórí kòtò, tí ẹnì kan dúró lókè, tí ẹnì kejì wà nísàlẹ̀, ìtì igi ni wọ́n ń là. Wọn kò ní ìwé gírámà, wọn kò sì ṣi ọ̀rọ̀ náà lò. «A-» tí Ẹ̀gbọ́n fi síwájú pẹ̀lú, èèyàn ló sábà ń tọ́ka sí nínú irú iṣẹ́ yìí: ṣebí agégẹdú kì í ṣe ẹ̀rọ?

Ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ gé àti là. Abẹ oníínǹṣì 10 tí a fi ń la pákó máa ń ní eyín bíi 24, àlàfo àárín eyín rẹ̀ sì jìn kí lẹ́búlẹ́bú igi lè ráyè jáde. Èyí tí a fi ń gé e ní ìbú máa ń ní eyín 60 sí 80. Ẹ fi abẹ eyín 80 la ìrókò tó nípọn ní íǹṣì 2, kíá ni yóò gbóná, ojú igi yóò jó dúdú. (Òkúta funfun tó máa ń fara pamọ́ sínú ìrókò tún wà níbẹ̀ tó ń ba eyín jẹ́.) Lílà sì ni iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí gan-an. Ta ni yóò dábùú pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 lórí rẹ̀ láti gé e sí méjì?

Ẹni tó dábàá «ìrẹ́gi» sún mọ́ ọn, nítorí «rẹ́» gba ìbú, ó gba òró. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ohùn: bí ẹnì kan bá ṣèèṣì gbé «gi» sókè, ó di «rẹ́gí», a ti bọ́ sọ́dọ̀ ohun tó ṣe wẹ́kú. «Ìlapákó» ni tèmi. Ìtì igi ni wọ́n ń là níbi tí wọ́n ti ń ṣe pákó. Pákó ni ayùn yìí ń là. Ayùn ìlapákó, ó parí.

Ti «orí-tábìlì» ńkọ́? Abẹ́ ni abẹ ti ń wá! Nínú àwọn tó wúwo gan-an, àpótí irin ìsàlẹ̀ ni wọ́n de àgbékọ́ abẹ, irin tó gbé abẹ dúró, mọ́, kì í ṣe ara tábìlì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí abẹ kò bá bá ihò gbọọrọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì lọ gbọọrọ, bóòtù tó mú tábìlì là ń tú díẹ̀, tí a ó fi òòlù onírọ́bà sún tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó kọ́kọ́ yọ wáyà iná, kí ó sàmì sí eyín kan, kí ó wọn ọ̀nà tó jìn sí ojú ihò gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ lórí tábìlì níwájú, kí ó yí eyín kan náà sẹ́yìn, kí ó tún un wọ̀n. Bí ìyàtọ̀ bá ju mílímítà 0.1 lọ, ó ń fẹ́ àtúnṣe. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, kí ó ka àkọlé ara mọ́tò: bí 60 Hz (iye ìgbà tí iná ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) nìkan ni wọ́n kọ, iná 50 Hz tiwa yóò dín eré rẹ̀ kù ní ìdá kan nínú mẹ́fà, mọ́tò yóò sì máa gbóná ju bó ti yẹ.

«Ọgbà» tí Ẹ̀gbọ́n pe irin tí pákó ń fara tì, Òyìnbó tó ń pè é ní «fence» ló sọ bẹ́ẹ̀ sí wọn lẹ́nu. Ìfaratì ni, ohùn ìsàlẹ̀ ní ìparí, bíi ti ìfẹ̀yìntì. Kí ẹni tó kọ «ìfarati» lọ tún un kọ.

«Ọ̀bẹ» tí wọ́n pe irin ẹ̀yìn abẹ, nítorí «riving knife» Òyìnbó, ló tún burú jù. Irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn abẹ kì í gé ohunkóhun. Igi tí inú rẹ̀ ń fà á wọ́ máa ń pa ẹnu ibi tí a là dé bí a ti ń là á. Bí ó bá há eyín ẹ̀yìn tó ń gòkè mọ́ra, yóò ta padà lu ẹni tó ń ti pákó. Irin yẹn ló ń ya ẹnu náà sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ nípọn ju ara abẹ lọ, kí ó sì tín-ín-rín ju ojú tí eyín là: fún eyín mílímítà 3.2 lára abẹ 2.2, irin 2.5 dára. Ẹni tí yóò sọ ọ́ lórúkọ, «yà» ni kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀.