Eyín tí kò níhò, báwo ni kòkòrò ṣe dénú ẹ̀?

Àríkẹ́: Wọ́n yọ eyín iwájú mi kan lánàá. Ó funfun báláú, kò jẹrà, kò níhò. Ó kàn ń mì ni, bí òpó tí òjò ti wọ́ yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ. Dókítà gbé e sórí bébà, ó ní kí n wo gbòǹgbò rẹ̀. Nǹkan dúdú kan lẹ̀ mọ́ ọn gbagidi. Ó ní kòkòrò ti gba ibẹ̀ wọ inú eyín gan-an. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Baba Ìbejì: Ẹ̀jẹ̀ ni tèmi fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti fọ ẹnu, itọ́ mi á pọ́n. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé brọ́ọ̀ṣì ló le jù.

Akínlabí: Ọdún mẹ́ta!

Ìyá Ewé: Èmi ò gbà o. Àbí kòkòrò ní kọ́kọ́rọ́ ni?

Eléyín: Wọn ò nílò kọ́kọ́rọ́, mà. Eyín ni mo ń bá wọn tọ́jú. Ihò tíntìntín ló kún ara gbòǹgbò lábẹ́ èèpo rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n sì fẹ̀ ju àwọn kòkòrò àìfojúrí yìí lọ. Tí erìgì bá ti ṣí kúrò lára gbòǹgbò, ọ̀nà ti là nìyẹn. Erìgì tó dáa, irin tí a fi ń wọn ẹ̀gbẹ́ eyín kì í wọlé ju mìlímítà 3 lọ. Àríkẹ́, mélòó ni tìẹ?

Àríkẹ́: 8. Dókítà ń pè é fún nọ́ọ̀sì, "3, 3, 5, 8", mo rò pé nọ́ńbà fóònù ni.

Baba Ìbejì: 😂😂

Ṣàǹgódélé: Eyín tèmi ò mì rárá kí wọ́n tó ha á. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn gan-an ló bà á jẹ́.

Eléyín: Ìdọ̀tí tó ti di òkúta ló dì í mú, ẹ̀gbọ́n. Egungun tó yẹ kó dì í mú ti jẹ lọ tipẹ́.

Ṣàǹgódélé: Ẹ ò bá fi òkúta mi sílẹ̀ fún mi!

Akínlabí: Ó lẹ́jọ́ o.

Adé: Ẹ̀jẹ̀ ò jáde lẹ́nu tèmi rí.

Eléyín: Ṣé o ń mu sìgá?

Adé: Kí ló kan sìgá?

Eléyín: Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ yọ. Àrùn erìgì á wá máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀.

Adé: Mo ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo dígí.

Ìyá Ewé: Omi iyọ̀ ńkọ́?

Baba Ìbejì: Oṣù mẹ́fà ni mo fi yọ ẹnu, mà. Iyọ̀ tán, òkúta ò lọ.

Àríkẹ́: Mo gbé eyín náà wálé o, ó wà nínú ìgò. Àbúrò mi ní òun ò sùn nílé tí kòkòrò wà.

Akínlabí: Ṣáà dé ìgò náà dáadáa.