Ojú mi ń gbẹ lẹ́yìn tí mo gba mùdùnmúdùn eegun ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìkòròdú ni mò ń gbé. Lọ́dún 2021 ni wọ́n fi ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sí mi lára ní Íńdíà, nítorí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Láti ìgbà náà, eegun ò ro mí mọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ojú ló kù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tuntun tí mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ló ń bá ara mi jà. Láàárọ̀, ìpéǹpéjú mi á lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, àfi kí n fi òwú tútù rọra ṣí i. Ẹnu náà ń gbẹ, ata díẹ̀ á ta mí bí iná.

Mo ń kán oògùn ojú ní wákàtí méjì-méjì, mo ń lo gíláàsì dúdú, mo ti gbé fáànù kúrò níwájú bẹ́ẹ̀dì. Ó rọjú díẹ̀ ni. Ní ìsọ̀ mi ní Sábó, eruku àti èéfín ọkọ̀ kì í jẹ́ kí n kọjá aago méjìlá kí n tó tì í. Èyí ló ń dùn mí jù.

Dókítà ní àwọn lè dí ihò kékeré tí omi ojú ń gbà lọ. Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe é fún, ṣé ẹ padà lè jókòó nínú eruku látàárọ̀ dalẹ́, báwo ló sì ṣe pẹ́ tó kẹ́ ẹ tó rí ìyàtọ̀?