Kámẹ́rà àlòkù tí ẹ rà: báwo ni ẹ ṣe mọ iye iṣẹ́ tó ti ṣe?

Onífọ́tò òde, Àkúrẹ́

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún 2021 ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo rí i pé àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù ṣì ń ra kámẹ́rà bí mo ṣe ra tèmi nígbà náà: wọn a wo ara rẹ̀, wọn a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, wọn a sì sanwó.

Nikon D7200 ni mo rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó gbé e wá bá mi nítòsí Ọjà Ọba. Oṣù méje ni mo fi kó owó náà jọ. Ara kámẹ́rà náà ń dán, rọ́bà ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú kò ṣí, ojú ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ní ìlà kankan. Nígbà tí mo béèrè bí wọ́n ṣe lò ó sí, ó ya àwòrán kan níṣojú mi, ó sì fi orúkọ fáìlì rẹ̀ hàn mí: DSC_3412. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó fúnra yín, àwòrán ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé díẹ̀ péré ni wọ́n tíì fi yà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á." Mo gbà á gbọ́, nítorí nọ́ńbà ni mo fojú ara mi rí.

Ní oṣù kẹta tí mo rà á, ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó kan ní Ọ̀bá-Ilé, bí ìyàwó ti kúnlẹ̀ tó ń gba àdúrà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, kámẹ́rà náà dún lọ́nà tí n kò gbọ́ rí, "Err" sì jáde lójú rẹ̀. Mo pa á, mo tún un tàn, mo yọ bátìrì rẹ̀, mo dá a padà, kò gbọ́. Ara mi bù máṣọ. Fóònù ni mo fi ya ìyókù àdúrà náà, títí ẹlẹgbẹ́ mi kan fi gbé kámẹ́rà tirẹ̀ wá bá mi láti Ìjàpọ̀. Títí di òní, n kò lè wo àwọn àwòrán yẹn kí inú mi má bàjẹ́, nítorí pé ọmọbìnrin náà kò tún ní kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ mọ́.

Kí ọ̀gá tó ń tún kámẹ́rà ṣe tó tú ìdè kankan lára rẹ̀, àwòrán tí mo fi í yà kẹ́yìn ló kọ́kọ́ béèrè. Ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó sì fi ExifTool ṣí i. Ètò ọ̀fẹ́ ni ExifTool, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka gbogbo ohun tí kámẹ́rà ń kọ pa mọ́ sínú fáìlì àwòrán: ọjọ́, wákàtí, irú lẹ́ńsì, àti, nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Nikon, iye ìgbà tí shutter, ìkélé inú kámẹ́rà, ti ṣí láti ìgbà tí kámẹ́rà ti dáyé. Ó fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n kọ "Shutter Count" sí. 187,264 ni mo rí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà 150,000 ni Nikon sọ pé àwọn dán shutter D7200 wò dé. Àkàrà tú sépo.

Ọ̀gá náà wá là mí lọ́yẹ̀. Ìkélé tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú sensor, ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ń di àwòrán, ni shutter. Nígbàkígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì, apá kan a ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, apá kejì a sì tẹ̀ lé e láti bò ó padà. Irin kéékèèké ló ń gbé e, irin sì ń jẹ. Ní ti orúkọ fáìlì, kì í kọjá 9999. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, láti 0001 ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì wù lè dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nínú mẹ́nù kámẹ́rà fúnra rẹ̀. A jọ ṣírò rẹ̀ lórí bébà: èmi ti fi í ya bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá láàárín oṣù mẹ́ta, nítorí náà ó ti tó bí 173,000 kí ó tó dé ọwọ́ mi; 3412 tí ọkùnrin yẹn fi hàn mí, ìyípo kejìdínlógún ni.

Ẹ má sọ pé iye náà ti pọ̀ jù fún kámẹ́rà ẹnì kan. Onífọ́tò òde tó bá ń ya 1,500 ní gbogbo ọjọ́ Sátidé yóò ya 78,000 láàárín ọdún kan, kò sì tíì ka òkú àgbà tó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà, mẹ́mórì kádì tèmi àti kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ni mo ń gbé lọ síbi tí mo bá ti fẹ́ ra kámẹ́rà. Mo ya àwòrán JPEG kan níbẹ̀, mo sì ṣí i níbẹ̀. Bí olùtajà bá wà lọ́nà jíjìn, tó fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹbí, kò wúlò, nítorí WhatsApp máa ń dín fáìlì náà kù, á sì nu ohun tó wà ní ìkọ̀kọ̀ inú rẹ̀ kúrò. Ẹ ní kí ó fi ránṣẹ́ bíi document, láìtún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà kankan. Olùtajà tí kò bá jẹ́ kí n fi kádì tèmi sí i, ilé ni mo máa ń gbà lọ.

Ayafọ́nrán, Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ìrírí tèmi yàtọ̀ sí tiyín, nítorí èmi yẹ nọ́ńbà wò, òótọ́ sì ni nọ́ńbà náà sọ, síbẹ̀ mo pàdánù.

Canon 70D ni, ní àdúgbò Yaba níhìn-ín ní Oǹdó. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Canon kì í kọ iye náà sínú àwòrán, nítorí náà okùn USB ni mo fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ètò tó ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ tààrà lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Díẹ̀ lé ní 19,000 ló jẹ́, nínú 100,000 tí Canon dán an wò dé. Inú mi dùn, mo sanwó láìyọwó púpọ̀.

Òde alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ ni mo ti rí i pé àwọn àmì pupa àti funfun kéékèèké wà ní gbogbo ibi tó bá ṣókùnkùn nínú fọ́nrán, wọn kì í sì í kúrò lójú kan. Ihò HDMI rẹ̀, tí a fi ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, náà ti ń mì. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó sì sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́ pé orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìjọsìn kan ni kámẹ́rà náà wà fún ọdún mẹ́rin, tó ń gba ìsìn sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kò parọ́ fún mi. Èmi ni n kò béèrè. Fọ́nrán tó gùn tó ìdajì wákàtí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni shutter ń ṣí fún un, yóò wà ní ṣíṣí, sensor ni yóò sì máa gbóná ní gbogbo àkókò náà. Nọ́ńbà shutter kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ kámẹ́rà, ní ibi ìdè tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ìdúró. Bí ibẹ̀ bá ti jẹ, tí òkè rẹ̀ níbi tí flash, iná tí a ń fi ya fọ́tò, ń wọ̀ sì ṣì dúdú kirikiri, fọ́nrán ló ti ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ibi flash ni ọ̀dà ti ṣí, òde àríyá ni wọ́n ti ń fi ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìdérí bo lẹ́ńsì, ẹ gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè rí ìmọ́lẹ̀ sí, dé 1600, ẹ ya àwòrán ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nínú òkùnkùn yẹn, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà: gbogbo àmì tó bá ń tàn níbẹ̀ ni yóò bá yín délé. Ẹ tún ya ògiri funfun ní f/16, ìyẹn nígbà tí ihò lẹ́ńsì kéré, pàápàá lásìkò ọyẹ́, nítorí eruku tó bá wà lórí sensor yóò yọ bí àbàwọ́n ara aṣọ àlà. Ti eruku kò le, a lè nù ún.

Oníṣẹ́ fọ́tò ọmọdé, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin méjèèjì. Èmi ra Canon 5D Mark III tó ti ya 131,000, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 150,000 ni ìwọ̀n tirẹ̀. Ìyàwó onífọ́tò kan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn ló tà á fún mi. Kí n tó la ẹnu ló ti sọ nọ́ńbà náà, tó sọ pé ìgbéyàwó ni ọkọ òun fi í yà, tó sì sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ shutter rẹ̀ nígbà tó dé nǹkan bí 118,000. Ó fún mi ní èyí tí wọ́n yọ, nínú náílọ́nù, ìkélé kan ti tẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ kò fọwọ́ kan pátákó inú kámẹ́rà tó ń ka iye, nítorí náà ó ń ka lọ láti ibi tó bá a ni, bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà. Ká ní nọ́ńbà nìkan ni mo wò, n kò ní rà á.

Mo tún so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ní Sátidé tó kọjá, ó ti di 164,300. Shutter àtijọ́ yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi pẹ̀lú náílọ́nù rẹ̀, kí n lè fi hàn ẹni tí èmi náà bá tà á fún.