Mo ń ṣiyèméjì nípa àjíǹde Jésù, mo sì ti fi bẹ́ẹ̀ dá ọgbẹ́ sí ìyá mi lọ́kàn. Kí ni kí n ṣe?

Àkọ́bí (ẹni tó béèrè):

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò rẹ́ni bá sọ nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Inú ìjọ ni mo dàgbà sí. Mo ti kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì rí. Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àjíǹde léraléra, torí mo fẹ́ kó tù mí nínú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lórí tábìlì, mo ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti dàrú. Máàkù ní obìnrin mẹ́ta ló lọ síbi ibojì, wọ́n sì bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀ tó wọ aṣọ funfun. Mátíù ní obìnrin méjì ni, áńgẹ́lì kan sì jókòó lórí òkúta. Lúùkù ní ọkùnrin méjì ló yọ sí wọn. Jòhánù dárúkọ Màríà Magidalénì, kò dárúkọ obìnrin mìíràn. Nínú Mátíù, Gálílì ni àwọn mọ́kànlá ti rí Jésù. Nínú Lúùkù, Jerúsálẹ́mù ni.

Mo tún wá kà á pé nínú ìwé àfọwọ́kọ méjì tó pẹ́ jù lọ tí orí yẹn wà nínú wọn, Sinaiticus àti Vaticanus, tí wọ́n kọ ní ọ̀rúndún kẹrin, ẹsẹ 8 ni Máàkù orí 16 parí sí. Ẹsẹ 9 títí dé 20, níbi tí Jésù ti fara han àwọn èèyàn rẹ̀, kò sí níbẹ̀ rárá.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbà gbọ́. Èmi ni mi ò mọ èyí tí màá dì mú mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àjíǹde, à ń gbàdúrà nínú ilé. Màmá wa ń ka Tẹsalóníkà Kìíní orí 4, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní àwọn tó kú nínú Kristi ni yóò kọ́kọ́ jíǹde. Létí ẹsẹ yẹn nínú Bíbélì wọn, wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ bàbá wa síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí bàbá kú. Wọ́n fi ìka lé orúkọ náà, wọ́n ní, "A ó tún ríra." Mi ò mọ ohun tó gbé e dé mi lẹ́nu. Mo ní, "Màmá, ta ló rí i tó jíǹde? Ìparí ìwé Máàkù gan-an, ẹ̀yìn ni wọ́n fi í kún un."

Wọn ò bá mi jà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n pa Bíbélì dé, wọ́n ní kí àbúrò mi gba àdúrà ìparí. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í ka Bíbélì lójú mi mọ́. Bí mo bá wọlé bá wọn, wọ́n á gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ṣé kí n máa díbọ́n pé mo gbà gbọ́ ni? Àbí kí n máa sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, kí ó máa dun ẹni tó bá máa dùn? Báwo ni mo ṣe lè bẹ màmá mi láìpurọ́ fún wọn?

Olùṣọ́ Òwúrọ̀:

Àwọn ìwé tí ò ń kà ló ń ṣe ọ́. Pọ́ọ̀lù ti sọ ọ́ gbangba pé bí Kristi kò bá jíǹde, asán ni ìwàásù wa, asán sì ni ìgbàgbọ́ yín pẹ̀lú. Kò sí àárín níbẹ̀. Gbààwẹ̀, gbàdúrà, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́ níwájú ìyá rẹ.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:

Ẹ rọra, sà. Ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ ń bá wí yẹn. Mátíù 28 ẹsẹ 17 sọ pé nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí Jésù, wọ́n forí balẹ̀ fún un, àmọ́ àwọn mìíràn ṣiyèméjì. Ojú wọn ló wà o, wọ́n sì tún ń ṣiyèméjì! Kò ya àwọn yẹn sọ́tọ̀ kó tó rán wọn níṣẹ́. Tọ́másì náà ńkọ́? Ó ní bí òun ò bá fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́, òun ò ní gbà gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, àárín àwọn yòókù ni wọ́n ṣì ti bá a. Ẹnikẹ́ni ò tì í síta. Ìyẹn ni mo máa ń rò ní tèmi bí mo bá ka ìtàn náà: ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n fi jọ wà nínú ilé kan náà, tí ọ̀kan ò tíì gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́:

Àkọ́bí, ohun tí o rí kà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ fún màmá fi apá kan sílẹ̀, ó sì yẹ kí o mọ̀ ọ́n.

Lóòótọ́, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ẹ̀yìn ni wọ́n fi ẹsẹ 9 sí 20 kún Máàkù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 6 ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti sọ pé Jésù ti jíǹde, pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìtàn nípa bó ṣe fara hàn ni Máàkù kò sọ. Ìròyìn pé ó jíǹde kò sọnù nínú rẹ̀.

Èkejì, kì í ṣe inú àwọn Ìhìn Rere ni a ti kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Lẹ́tà tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì ti wà ṣáájú wọn. Nǹkan bí ọdún 53 sí 55 ló kọ ọ́, ìyẹn ogún ọdún àti díẹ̀ lẹ́yìn ikú Jésù. Ní orí 15, ó ní ohun tí wọ́n fi lé òun lọ́wọ́ ni òun náà fi lé wọn lọ́wọ́: pé Jésù fara han Pétérù, lẹ́yìn náà àwọn méjìlá, lẹ́yìn náà àwọn ará tó lé ní 500 lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà Jákọ́bù, lẹ́yìn náà gbogbo àpọ́sítélì, kó tó wá kan òun. Nítorí náà, ìgbàgbọ́ yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó fi ìparí kún Máàkù.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn pa ẹnu rẹ mọ́. Pọ́ọ̀lù kò sọ̀rọ̀ nípa àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni bá ibojì lófìfo. Ó pe ara àjíǹde ní ara ẹ̀mí, nígbà tí Lúùkù ní Jésù sọ fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ kan òun, pé iwin kò ní ẹran ara àti egungun. Ìbéèrè tó jinlẹ̀ wà nínú ìyẹn, àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn sì ti pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpìtàn, títí kan àwọn tí kì í ṣe Kristẹni, gbà pé láìpẹ́ sí ìgbà tó kú ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti dá a lójú pé àwọn rí i. Ohun tí wọ́n rí gan-an ni ẹnu kò kò lé lórí.

Nǹkan kékeré kan ṣì kù tí mo fẹ́ràn: wo Jòhánù 20 ẹsẹ 2. Màríà nìkan ló dárúkọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń bá Pétérù sọ̀rọ̀, ó ní "àwa kò sì mọ̀" ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àwa ló sọ, kò sọ pé èmi.

Ìbéèrè rẹ kì í ṣe tuntun. Àwọn Sádúsì nígbà ayé Jésù ní àjíǹde ò sí rárá, àwọn Farisí ní ó wà, tẹ́ńpìlì kan náà ni wọ́n sì jọ ń lọ.

Mo Ti Kúrò Níbẹ̀:

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti fi ìgbàgbọ́ yẹn sílẹ̀. Má díbọ́n. Ìdíbọ́n máa ń di ìkórìíra nínú ẹni, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ kì í ṣe irọ́. Bí wọ́n bá ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, mo máa ń dìde pẹ̀lú wọn, ẹnu mi ló máa ń dákẹ́. Bí ẹnì kan bá béèrè lọ́wọ́ mi, mo máa ń sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lọ́dún àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tí mi ò bá jiyàn. Mo borí àbúrò ìyá mi kan nínú àríyànjiyàn, mo sì ń yọ̀. Ọdún méjì ni kò fi pè mí. "Mi ò mọ̀" àti "irọ́ ni" jìnnà síra. Ìkejì ni mo máa ń sọ nígbà náà, láìmọ̀ ju ìkíní lọ.

Ọ̀rẹ́ Gbogbo Ilé:

Mùsùlùmí ni mí. Nínú Kùránì, orí 4 ẹsẹ 157, Ọlọ́run sọ pé wọn ò pa Jésù, wọn ò sì kàn án mọ́ àgbélébùú, ó kàn fara hàn bẹ́ẹ̀ lójú wọn ni. Nítorí náà, èmi ò gba ohun tí màmá rẹ gbà nípa rẹ̀. A gbà ní tiwa pé gbogbo òkú ni yóò jíǹde lọ́jọ́ Ìkẹyìn.

Kristẹni ni ìyá ìyàwó mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní Jésù jíǹde, torí náà ọmọ àwọn náà á jíǹde. Mo gbé àga mi sún mọ́ tiwọn, a jọ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn fúnra wọn ló bi mí pé kí ni àwa ń sọ nípa Jésù. Mo sọ fún wọn, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gùn, ó sì dùn.

Opó Onísùúrù:

Àkọ́bí, ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní ipò màmá rẹ. Ìwé Máàkù kọ́ ló dun màmá. Ìka wọn wà lórí orúkọ ọkọ wọn nígbà tí o sọ̀rọ̀. Bí o bá ti dúró di ọjọ́ kejì, bóyá wọ́n á bá ọ jiyàn, wọ́n á tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ohun kan tún wà tí àwa ìyá kì í sọ. Àwa náà máa ń ṣiyèméjì lóru, bí ibùsùn bá tutù. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó tún gbé ìgbàgbọ́ wa wọ̀. Nígbà tí o sọ ọ́ síta níṣojú àwọn àbúrò rẹ, ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń fi òru bá jà lo gbé wá síwájú wọn.

Má lọ sọ fún wọn pé o ti gbà gbọ́ o. Ìyá mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí o ṣe, má bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ò ń rò.

Àkọ́bí (ẹni tó béèrè):

Ẹ ṣé, Màmá. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Omi ń dà lójú mi.

Olùṣọ́ Òwúrọ̀:

N kò yí ohùn padà lórí ọ̀rọ̀ àjíǹde, mo gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n ní kí o pa ẹnu mọ́. Má bínú, arákùnrin mi. Mo ti fi orúkọ rẹ sínú àdúrà, bí o bá gbà kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Àkọ́bí (ẹni tó béèrè):

Mo gbà, sà. Ẹ ṣeun.

Mo lọ bá màmá lánàá. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ìka yín wà lórí orúkọ Bàbá, mo sì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn." Mo sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ bóyá Jésù jíǹde, pé mi ò fẹ́ purọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ohun tí wọ́n dì mú lọ́wọ́ wọn mọ́.

Wọ́n dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ibo lo ní ó parí sí?"

Wọ́n fa Bíbélì yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n nà án sí mi. Mo ṣí Máàkù 16, mo fi ẹsẹ 8 hàn wọ́n. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á sókè, bí àwọn obìnrin yẹn ṣe sá kúrò níbi ibojì, tí wọ́n ń gbọ̀n, tí wọn ò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n tún ìparí rẹ̀ kà. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù ba èmi náà lọ́jọ́ tí a sin bàbá yín. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Wọ́n ní ojú ń ro àwọn lálẹ́, kí n máa wá kà á fún àwọn. Orí kìíní Máàkù la ti bẹ̀rẹ̀. Orí kejì ló kàn lálẹ́ òní.