Ẹ má jẹ́ ká pe methanol ní "ọtí igi"

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé nínú ìwé kẹ́místírì tí a bá fi Yorùbá kọ, kí methanol, èròjà olóró tó jọ ọtí, máa jẹ́ "ọtí igi", kí ethanol, èyí tó wà nínú ọtí tí à ń mu, sì máa jẹ́ "ọtí" lásán. Ẹni tó dá àbá náà ní ẹ̀rí lọ́wọ́: látijọ́, ara igi tí wọ́n bá dáná sí lábẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé ni wọ́n ti ń rí methanol. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ní Abẹ́òkúta níbí, bóyá ní Kútọ̀ ni o ti wọ mọ́tò tàbí ní Láfẹnwá, o ò ní ṣàì rí àwọn tó ń ta páragà. Egbò àti èèpo igi ló wà nínú ìgò wọn, tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Ẹ bi ẹni tó dúró nídìí àtẹ yẹn pé kí ni ọtí igi, á nawọ́ sí ìgò, á ní èyí tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí nìyẹn. Orúkọ tó yẹ kó máa kìlọ̀ ikú fún èèyàn ti di orúkọ oògùn. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ lèyí o. Lọ́dún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn èèyàn ń kú, ojú wọn ń ṣú, orí ń fọ́ wọn, àrùn àràmàǹdà ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Methanol tó wà nínú ògógóró ni. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún kan náà.

Ìdí kejì wà nínú bí wọ́n ṣe to orúkọ náà. "Meth" sọ pé kábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. "An" sọ pé ìdè ẹyọ kan ni, kì í ṣe onílọ̀ọ́po. "Ol" sọ pé ọ́síjìn òun háídírójìn so mọ́ ọn. "Eth" jẹ́ kábọ́ọ̀nù méjì. Tí methanol bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di methanal, methanal á di methanoic acid, èyí tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Ethanol ń tọ ọ̀nà kan náà: ethanal, lẹ́yìn náà ethanoic acid, èyí tó wà nínú ọtí kíkan, tí ara sì lè lò. Ẹ wo bí "meth" kò ṣe kúrò níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí a bá wá tẹ̀ lé orúkọ àtijọ́, tí a pe methanol ní ọtí igi, tí a pe methanoic acid ní ásíìdì èèrà nítorí pé ara èèrà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n? Irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ló kó àwọn onímọ̀ jọ sí Geneva lọ́dún 1892 láti fi ìlànà sí orúkọ.

Ẹlòmíràn ní ká fi òǹkà wa rọ́pò: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó ní àwọn ará Ṣáínà kò lo "meth" àti "eth", pé "jia" àti "yi" ni wọ́n ń lò, látinú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ láyé àtijọ́. Àbá yìí wù mí gan-an. "Meth" gan-an kò tinú òǹkà wá: Dumas àti Péligot, àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ará Faransé, ló mú "methylene" jáde lọ́dún 1834 látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún wáìnì àti igi, inú rẹ̀ ni "meth" ti wá. Ṣùgbọ́n ta ni a ń kọ̀wé fún? Ẹni tó máa pàdé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kọ METHANOL sí lára ni. Tí ìwé Yorùbá bá ti kọ́ ọ ní orúkọ mìíràn, kò ní dá a mọ̀. Kí orúkọ dúró bó ṣe wà lára kẹ́ẹ̀gì, kí Yorùbá ṣe àlàyé.

Àlàyé yẹn sì ni èdè wa ti lágbára jù. Àwọn kan nínú wa ka propan-2-ol, ọmọ ẹbí methanol tó ní kábọ́ọ̀nù mẹ́ta, bí ẹni pé "ol" méjì ló wà nínú rẹ̀. Rárá o. Orí kábọ́ọ̀nù kejì ni "ol" wà. Àmì kan náà, 2, ni wọ́n ń kọ fún iye àti fún ipò, ṣùgbọ́n Yorùbá ti ya "méjì" sọ́tọ̀ kúrò lára "kejì". Tó bá jẹ́ "ol" méjì ni, "diol" ni wọn ó kọ, bíi ti ethane-1,2-diol: "di" ni méjì, 1,2 sì ń sọ pé ọ̀kan wà lórí èkíní, ìkejì wà lórí èkejì. Kí olùkọ́ máa kà á báyìí létí akẹ́kọ̀ọ́: "propan, ol lórí ìkejì."

Ní ti orúkọ tí gbogbo ẹbí wọn máa jẹ́, "álíkọ́hóólù" tó ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn ni kí ẹ jẹ́ ká mú. Ká fi "ọtí" sílẹ̀ fún ohun tí èèyàn ń mu.