Mo wá jábọ̀: Faransé àfẹnusọ fún DELF B2

Èmi tí mo béèrè bí ahọ́n mi ṣe lè tú nínú èdè Faransé kí n tó ṣe DELF B2 (ìdánwò tó ń wo bí èèyàn ṣe gbọ́ èdè Faransé tó, ní ìpele B2) ni mo wá jábọ̀. Mo yege! Mo gba 16 nínú 25 níbi ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ṣeun gan-an.

Gbígba ohùn ara mi sílẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù. Màá ka àyọkà kúkurú, màá fi ìṣẹ́jú 30 múra bíi ti ìdánwò gan-an, màá sọ èrò mi, màá wá tẹ́tí sí i. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé "tu" (ìwọ) ń dún bíi "tout" (gbogbo) lẹ́nu mi.

Sísọ̀rọ̀ tẹ̀lé rédíò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi já geere díẹ̀, àmọ́ kò kọ́ mi ní àríyànjiyàn. Ìyẹn ló kù: bí olùdánwò bá ta kò mí, mo ṣì máa ń dákẹ́ pẹ́ jù.