Kí nìdí tí àdúrà fi ń tu ẹnì kan lára, tó sì ń dá kún ìpayà ẹlòmíràn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ máa ń lọ sí ìṣọ́ òru. Ara ẹ̀gbọ́n mi a máa fúyẹ́ tó bá dé, àmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í rí oorun sùn, nítorí ó dá a lójú pé Ọlọ́run ń bínú sí òun. Ǹjẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ọpọlọ ní àlàyé kankan fún un?

Ọmọ Ìjẹ̀bú dáhùn:
Lọ́dún 2009, Uffe Schjoedt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Aarhus, lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn Kristẹni 20 bí wọ́n ṣe ń ka Àdúrà Olúwa, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Bàbá Kérésì. Nígbà tí wọ́n ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, àwọn apá tí a fi ń ro ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn ló ń ṣiṣẹ́. Bàbá Kérésì kò rí irú rẹ̀ gbà. Bóyá Ọlọ́run ń gbọ́ kọ́ ni ẹ̀rọ yẹn wò, ọ̀nà tí ọpọlọ ẹni tó ń gbàdúrà gbà ń bá a lò ni.

Adékẹ́mi dáhùn:
Ó wá kù kí a bi ọ̀rẹ́ wọn pé irú ẹni wo ni Ọlọ́run jẹ́ sí i. John Bowlby, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé bí ọmọdé tí ẹ̀rù bà ṣe ń sá tọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ; Lee Kirkpatrick àti Phillip Shaver sì lo àlàyé náà fún àjọṣe èèyàn pẹ̀lú Ọlọ́run lọ́dún 1990. Ọmọ tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò gbé òun mọ́ra tàbí wọn yóò na òun, bó ti ń sún mọ́ wọn ni ẹ̀rù ń bà á sí i. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àdúrà ṣe rí fún ọ̀rẹ́ wọn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà dáhùn:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ara. Nínú ìwádìí tí Luciano Bernardi gbé jáde lọ́dún 2001, àwọn tó ń ka àdúrà ìlẹ̀kẹ̀ rosary ní èdè Látìn ń mí bí ẹ̀ẹ̀mẹfà péré láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tó ṣe ọkàn tó ń lù láyà wọn láǹfààní. Ariwo àti àìsùn mọ́jú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsùn gan-an a máa dá kún ìpayà. Tó bá ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ mú un lọ sí ọsibítù, kí ẹ má sì sọ fún un pé kó pa àdúrà tì. Ìtọ́jú ọsibítù àti ìgbàgbọ́ ẹni lè jọ rìn: láti ọdún 1954 ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ọsibítù ọpọlọ tó wà ní Arò, l'Ábẹ́òkúta.